Òjò Kọ́, Ojo Kọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ìyàwó mi àtàwọn ọmọ? Orúnkún bàbá yín ti ń san. Ó ti ń dá rìn dé ẹnu géètì. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́.

O ní kí n fi iṣẹ́ dírẹ́bà sílẹ̀ torí ọjọ́ orí mi. Gbọ́ ná. Lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé, òjò dé, mi ò rí iwájú mọ́. Mo páàkì.

Ọ̀kan nínú wọn, wẹ́dà tó ń jó irin, pariwo: "Màmá, kì í ṣòjò ló dá yín dúró, ojo ni yín!"

Mo ní, "Ẹni tó bá ń kánjú, kó bọ́ sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn. Ọwọ́ mi ni ẹ̀mí yín wà." Kò sẹ́ni tó bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, a rọra ń lọ. Bí a ṣe yí kọ́nà, àgbàrá ti gbé ìdajì afárá lọ! Wẹ́dà dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀: "Màmá, ẹ tún mi bí!" Ni wọ́n bá gbé mi sókè bí ìyàwó tuntun.

Jọ̀ọ́, fi rọ́bà wáípà tó dára ránṣẹ́. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ rẹ. Ọjọ́ tí ojú mi bá ní ó tó, èmi fúnra mi ni màá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, dírẹ́bà.