Ìsìnkú Bàbá Aláwàdà Wa ní Skegness

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má dárúkọ mi. Èmi ni mo ṣètò ìsìnkú Cedric Polkinghorne, bàbá aláwàdà ìlú wa, Skegness, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń múra bí ìyá arúgbó nínú eré Kérésìmesì, tí olè á yọ́ tẹ̀ lé wọn, táwa ọmọdé á pariwo pé, "Ó wà lẹ́yìn ẹ!"

Ìyàwó wọn kìlọ̀ fún mi: "Mi ò fẹ́ ìsìnkú ẹlẹ́kún o."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ti jọ ṣètò ẹ̀, àlùfáà kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó ní, "Cedric wa dà?" Pósí sì ń wọlé bọ̀. Gbogbo ìjọ pariwo: "Ó wà lẹ́yìn ẹ!" Àlùfáà yíjú wò. Ìyàwó olóògbé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àga mú.

Àbúrò olóògbé ní mo sọ òkú di yẹ̀yẹ́, kí n tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin olùgbọ́, lọ́wọ́ ta ni?