Ohùn Bàámi Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ wọlé, 1992

Inú ṣì ń bí mi.

Àlàájì Múílì tó ń tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì wáàsí fún mọ́ṣáláṣí ló ní òun máa gba wáàsí ọdún yìí lé ti bàámi lórí, torí kásẹ́ẹ̀tì tuntun ti wọ́n. Ọdún tó kọjá la sin bàámi. Ohùn wọn nìkan ló kù.

Mo gbé rédíò mi tó ní ojú kásẹ́ẹ̀tì méjì lọ bá a láàárọ̀. Ó ní òun ò lè kó o fún obìnrin, kí n lọ rán ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá.

Mo ní, "Àbíjàn ni wọ́n wà, ẹ sì mọ̀. Bàámi ló bí èmi náà."

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ láti ìrun Àlàásárì ń bi mí pé kí ló dé, ó na kásẹ́ẹ̀tì náà sí mi. Mo fi rédíò mi gba ohùn inú rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì tèmi.

Kí n tó dá a padà, mo fi ẹnu sísọ́ọ̀sì ìránṣọ mi ṣẹ́ eyín kékeré méjì ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ṣe sí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá gba ohùn wọn sí ránṣẹ́ láti Àbíjàn, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e.

"O ti bà á jẹ́."

"Mi ò bà á jẹ́, Àlàájì. Mo tì í ni."

Mo mọ̀ pé ó lè fi téèpù alẹ̀mọ́ bo ihò tí eyín náà fi sílẹ̀, kó sì tún gba nǹkan lé e. Kó bò ó. Á mọ̀ pé ẹnu bàámi lòun ń pa dé.

Kásẹ́ẹ̀tì tèmi ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò lórí tábìlì báyìí. Mo ti yí ohùn rẹ̀ sókè dáadáa. Ilé Àlàájì ò jìnnà sí tiwa.