Adìẹ Tó Ń Dán Lórí Tábìlì Fíìmù

Màámi àtàtà,

Ṣé ara yín le? Ara tèmi le kókó, ẹ má fòyà rárá. Mo sì ń jẹun dáadáa.

Lánàá, olùkọ́ wa kó wa lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù. Màámi, ọ̀bùn ni wọ́n! Ìdílé olówó tó ń jẹun ni wọ́n ń yà. Adìẹ ńlá kan wà lórí tábìlì, ó ń dán gbinrin, àfi bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Irọ́ ni! Ọjọ́ kẹta rẹ̀ níbẹ̀ rèé. Obìnrin kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lọ́dà bí ẹni ń kun ilẹ̀kùn, eṣinṣin sì ń bà lé e. Àwọn òṣèré á gé bùrẹ́dì sẹ́nu tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ọ̀gá wọn bá ti ní "Ó tó!", gbogbo wọn á tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Oúnjẹ gidi, Màámi! Ó rí mi lára.

Nígbà tí olùkọ́ kó àwọn yòókù lọ wo yàrá aṣọ, mo dúró díẹ̀ kí n lè wo adìẹ náà fínnífínní. Ọ̀dà yẹn korò bíi jogbo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ èrìgì. Inú ẹran náà ò tiẹ̀ jinná. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti àbúrò mi. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀ níbí, ẹ má ṣe wàhálà láti di oúnjẹ fún mi o. Àmọ́ tí ẹ bá ti dì í, ẹ má tú u.

Èmi àkọ́bí yín ni.