Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Mọ Ọ̀nà Ilé

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí ẹ ń rán lọ sókè já lù yín lórí. Ara wa le níbí, àfi orúnkún mi nìkan tó ń ṣe tinú rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ń jẹun.

A ti rí fídíò rọ́kẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bíríkìlà tó múlé tì wá. Háà! Irin tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ó gbéra, ó gbẹ́rù lọ sójú ọ̀run, ó tún padà wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́! Bíríkìlà ní irọ́ ni, ó ní ẹ kàn yí fídíò náà sẹ́yìn ni. Mo ní tó bá jẹ́ pé ẹ yí i sẹ́yìn, kí ló dé tí èéfín ò padà wọ inú rẹ̀? Ọmọ mi, orí mi wú. Bá mi kí dẹ́rẹ́bà tó wà á o, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi kó tó tún lọ.

O ní ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó, tó bá ti lọ, ó di èrò inú òkun. Ìyẹn yé mi dáadáa, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pósí tí mò ń kàn. Èmi náà ń fi nǹkan ránṣẹ́ sọ́run, kò sì sí èyí tó padà rí. Ká ní wọ́n ń padà ni, kí ni ǹ bá fi rán ọ lọ sí iléèwé? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn: bí èyí tẹ́ ẹ ṣe bá ń padà wá, ta ló máa ní kẹ́ ẹ ṣe òmíràn? Bi ọ̀gá rẹ léèrè dáadáa, kí wọ́n má fi ọwọ́ ara yín gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ti epo ló wù mí jù. O ní èyí tí kò ní padà ń jó gbogbo epo rẹ̀ tán, ìyẹn ló fi ń gbé ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó máa padà á dín ẹrù kù, á fi epo díẹ̀ pa mọ́ fún àtibọ̀. Ó mà gbọ́n o! Ẹni tó bá máa wálé kì í fi owó ọkọ̀ rajà tán.

Ìfági mi ti kú, fi owó ránṣẹ́ kí n ra òmíràn. Mo ti kan pósí tèmi náà, pákó gidi ni, ìyá rẹ ń kó aṣọ sínú rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí a ti rí ọ gbẹ̀yìn. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kó aṣọ yẹn kúrò lo máa tó wálé. Nítorí náà, kí o tó fowó ìfági ránṣẹ́, kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ tìrẹ sọ́tọ̀. Bí kò bá tó méjèèjì, jẹ́ kí ìfági dúró.

Ibi gíga ò ní gbé ọ mì. Wàá lọ, wàá bọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ṣì wà lókè eèpẹ̀.