Irin Tí A Kò Kùn

Àbúrò mi, ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi débi pé bí mo bá fọwọ́ kan omi tútù, á hó!

Kì í ṣe àkàbà tó yọ̀ ló pa ọ́. Itan lásán ló kán. Irin tí wọ́n fi to eegun náà pọ̀ ló pa ọ́. Àwa tí à ń kun géètì fún gbogbo ayé! Àwa tí à ń pariwo mọ́ oníbàárà pé, "Ẹ má fi irin sílẹ̀ níhòòhò, á dógùn-ún!" Àwa náà la ní kí wọ́n ki irin oníhòòhò bọ itan rẹ!

Dókítà eegun kúkú bi wá. Ó ní irin méjì ló wà, pé wọ́n ti fi oògùn kun ọ̀kan lára, kí kòkòrò àrùn má baà ríbi lẹ̀ mọ́. Mo ní, "Dókítà, inú ẹran lẹ tún ń kùn? Ta ló fẹ́ yọjú wò ó?" O rẹ́rìn-ín títí bẹ́ẹ̀dì fi ń mì. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí o!"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kí ló dé tí kò gbá mi létí?

Kí oṣù kejì tó pé, kòkòrò ti tẹ̀dó sára irin yẹn bí ẹni rílé ọ̀fẹ́ gbé. Ọyún ń dà. Oògùn tí o gbé mì kún kànga, kò ràn wọ́n. Inú ń bí mi sí ọ náà! Ìwọ lo mọ ọ̀dà jù mí lọ, kí lo ń bá mi rẹ́rìn-ín sí?

Ìyàwó rẹ ti parí ilé yín. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kun géètì rẹ̀, ó ti nípọn ju ògiri lọ. Ọmọbìnrin rẹ ló ń ha irin ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, a máa ha á títí irin á fi bẹ̀bẹ̀.

Lọ́dún yìí, Màmá ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìbàdí wọn kán. Dókítà yẹn kan náà ló wọlé. Kò tíì la ẹnu tán tí mo fi figbe ta: "Ẹ kùn ún! Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì!" Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó, pé kì í sì í ṣe idán, a ṣì gbọ́dọ̀ tọ́jú ojú abẹ. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, o ò ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí?"

Irin tí wọ́n kùn ni wọ́n fi sí ìbàdí wọn.

Màmá ti ń rìn báyìí. Wọ́n tiẹ̀ ń fi ọ̀pá lé mi kiri.

Mo ṣì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, àbúrò mi. Àmọ́ tí wọ́n bá ti bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ń gbọ́ tó ń mì. A nífẹ̀ẹ́ rẹ. Àárò rẹ ń sọ wá, ó ń sọ wá gan-an! Tí ariwo mi bá ń dà ọ́ láàmú níbẹ̀, dìde, kí o wá pa mí lẹ́nu mọ́!