Ẹ Má Sọ Nǹkan Kan fún Káfáyà

Bàbá Rófíà,

Fóònù yín wà nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ẹ ò tíì dé láti mọ́ṣáláṣí nígbà tí mo bá Rófíà nílẹ̀ balùwẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ti lóyún, ó sì mu nǹkan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ júwe fún un láti fi ṣẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ní ká gbé e lọ sọ́sibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́ kíákíá, wọ́n á nílò ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa bọ̀. Ẹ má wá pariwo lé e lórí níbẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kò mọ bí oyún ṣe ń dé ni. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé bí ọkùnrin bá fọwọ́ kan òun, òun á lóyún. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, oyún ò dé, ló bá gbà pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Tíṣà tó fẹ́ ṣàlàyé fún wọn, ẹ̀yin náà lẹ dìde nípàdé òbí, tẹ́ ẹ ní kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ yín níṣekúṣe.

Káfáyà àbúrò rẹ̀ ń sùn ní yàrá. Àná ló rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ẹ fà á lé tíṣà yẹn lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.

Ìyá wọn