Ẹni Tí Mo So Mọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́; ariwo wọn sì ti padà sílé.

Ọ̀rọ̀ Tẹná, ọkọ àbúrò wa, ni mo fẹ́ sọ. Òun ló fi ọkọ̀ akẹ́rù yín tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi wọ́ tírélà gun òkè, tó tẹná bí ìnagijẹ ẹ̀ títí kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà fi jóná, tó wá ń sọ káàkiri gáréèjì pé èmi ni ò mọ ọkọ̀ wà. Mo gbé e mì. Mo ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, mẹkáníìkì sì dín agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kù fúngbà díẹ̀, kí kílọ́ọ̀ṣì yìí má baà tún jóná tí mo bá ń wọ́ ẹrù.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ tiẹ̀ náà kọṣẹ́, ló bá ní kí n wá gba òun. Mo so ó mọ́ ẹ̀yìn, mo ń wọ́ ọ lọ bí ìgbín. Ó ń pariwo pé, "Tẹná sí i!" Mo ní, "Ẹ́ńjìnnì ò lágbára. Ìwọ náà sáà mọ ẹni tó fà á."

Nígbà tá a dé gáréèjì, níwájú gbogbo awakọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀, mo dúró láìtú u, mo ní kí kílọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ tutù. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín.

Tó bá pè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lájò o.

Èmi àbúrò yín, tó ṣì jókòó nínú ọkọ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ti tutù tipẹ́.